Ààlè Ìyá Mi Lórí Páálí Ẹja

Èéfín ẹja yíyan ni òórùn ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Títí dòní, bí mo bá ṣí àpótí aṣọ mi, ó ṣì wà níbẹ̀, kò sì tì mí lójú.

Etí òkun Ìlàjẹ ni bàbá mi ti fẹ́ ìyá mi wá sí Ìbàdàn. Apẹja ni àbúrò ìyá mi ọkùnrin níbẹ̀, kì í sì í wá kí wa lọ́wọ́ òfo. Ọdún tí mò ń sọ yìí, àpò ìrẹsì kan ló gbé dé, àwọ̀n tó ti fà ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ńlá àwọn àjèjì kan wọ inú omi àwọn lọ́sàn-án gangan, ó wọ́ àwọ̀n òun ya, ó sì gbọ́n ẹja ibẹ̀ tán. Àwọ̀n kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. A gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kò lè jẹ ẹ́. Inú bí mi débi pé mi ò lè wò ó lójú.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ìyá mi lọ sí Ọjà'ba, lọ́dọ̀ alágbàtà tí a máa ń ra ẹja tí à ń yan tà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti to páálí síwájú ṣọ́ọ̀bù, omi yìnyín ń kán sílẹ̀. Ó ń fọ́nnu pé ojú òkun gan-an ni wọ́n ti bá òun gbà á, lára ọkọ̀ àjèjì kan lápá Ìlàjẹ. Ìyá mi bi í pé ta ló ni ẹja náà.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìyá, òkun ò lọ́gbà. Ẹni tó bá lè kó o ló ni ín.”

“Igi ìdáná tí mo bá ṣá jọ sínú igbó náà ò lọ́gbà,” ni ìyá mi wí. “Ṣé ẹ máa kó o?”

Ó kọjú sí oníbàárà mìíràn. Ìyá mi ò sì pariwo. Ó padà sílé, ó gé díẹ̀ lára àwọ̀n yẹn, ó fi so ṣúkù àgbàdo pọ̀ mọ́ àlòkù bàtà, ó wá padà sọ́jà, ó gbé e lé orí páálí ẹja náà. Ó fi ààlè sí i nìyẹn, bí a ṣe ń fi sórí igi inú igbó kí olè lè mọ̀ pé ó lólúwa. Àwọn oníbàárà ń dé, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń lọ. Alágbàtà fúnra rẹ̀, ọmọ Bẹẹrẹ tó mọ ohun tí ààlè jẹ́ dáadáa, na ọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó fà á padà. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, ẹja ti ń rọ̀. Ó ní ká má tún dé iwájú òun mọ́.

Ààrò wa tutù fún oṣù mélòó kan, a sì jìyà. Mo bi ìyá mi bóyá ó kábàámọ̀.

“Kí n wá máa yan ẹja àbúrò mi tà?”

Ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kí n tó gbọ́ lẹ́nu agbẹjọ́rò kan lórí rédíò pé òfin àgbáyé fún orílẹ̀-èdè tó bá wà létí òkun ní ẹ̀tọ́ sí ẹja inú omi iwájú rẹ̀, títí dé ibi tí ojú ò lè tó. Ìyá mi tí kò kàwé ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Mo sì mọ̀ láti ọjọ́ ààlè yẹn pé òfin tí kò sẹ́ni tó máa dúró tì í, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ìyókù àwọ̀n yẹn ṣì wà lára ògiri ibi ààrò wa. Kò sẹ́ni tó máa já a lójú mi.