Owó Tí A Fi Rán Nàfísàt Lọ Wa Bàálù

Mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ni Nàfísàt, ọmọ Rùkáyàt onípákó, jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ọ̀fà. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ náà, ọwọ́ mi ni owó ti jáde, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Kí ọ̀rọ̀ tó kan ẹgbẹ́, ilẹ̀ ti kọ́kọ́ lọ. Bàbá rẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà, ta pùlọ́ọ̀tì méjì lọ́nà Ìjàgbó láti fi rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú. Ọmọ náà kàwé yanjú, ó gba ìwé àṣẹ. Bàbá kú. Iṣẹ́ kò sí. Ẹni tó ti wa bàálù fún ọ̀pọ̀ wákàtí ni àwọn ilé iṣẹ́ ń wá, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò ríṣẹ́, ibo ni yóò ti rí wákàtí? Nàfísàt bá gba kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì ìyá rẹ̀, ó ń kó pákó àti èrò láti Ọ̀fà lọ sí Ìjàgbó.

Taofeek, tó ń pe èrò ní gáréèjì, kò jẹ́ kó sinmi. "Páílọ́ọ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ga jù o, iṣu àwọn Mummy wà lórí bọ́ọ̀sì."

"Taofeek, de bẹ́líìtì ẹ. Tí o bá tún sọ̀rọ̀, òkè ni mà á já ẹ sí."

Àwọn èrò á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé tó bá délé, kì í jẹun.

Ní ọdún kẹrin tó ti ń wa bọ́ọ̀sì ni ilé iṣẹ́ kan pè é sí Èkó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bàálù kékeré onífáànù ni wọ́n ní, wọ́n ń fi ná Ìlọrin, Èkó àti Àbújá. Àwọn mẹ́ta ló jókòó tì í. Wọ́n bi í ní ìṣirò epo, wọ́n bi í nípa afẹ́fẹ́ àti òjò. Èyí tó kẹ́yìn ni pé, bí ọ̀gá rẹ̀ bá ń ṣe àṣìṣe lókè ńkọ́? Ó ní òun á sọ fún un. Bí kò bá gbọ́? Òun á tún un sọ. Bí kò bá tún gbọ́? Òun á gba bàálù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó dára. Inú ìwé ló ti kà á, ó sì kà á bó ṣe wà níbẹ̀.

Wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n ní ilé iṣẹ́ á san apá kan owó ẹ̀kọ́ bàálù tiwọn, òun náà á san mílíọ̀nù mẹ́ta. Ìdánwò wà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ilé ló ń lọ, owó rẹ̀ kò sì ní padà.

Ibẹ̀ ni Rùkáyàt àti ọmọ rẹ̀ ti wá bá ẹgbẹ́. Owó tó wà lápò nígbà náà kò ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ, owó ajílẹ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń gbin àgbàdo ní Òjòkú sì wà nínú rẹ̀. Mo béèrè nípàdé pé, bí ọmọ yìí bá fìdí rẹmi ńkọ́?

Alága wa, Tíṣà Gbádé, ní, "Akápò, ẹ̀yin náà. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí ní ìṣirò. Ọmọ tí mo bá kọ́, kì í fìdí rẹmi."

"Tíṣà, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ Habeeb ọmọ tèmi."

Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Rùkáyàt nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ní, "Ẹ kọ ṣọ́ọ̀bù mi sílẹ̀."

Ṣọ́ọ̀bù pákó yẹn ló ń bọ́ òun àti àwọn àbúrò Nàfísàt mẹ́ta. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: bí wọn kò bá rí gbèsè san, ṣọ́ọ̀bù di ti ẹgbẹ́. N kò bá a ṣàwàdà, òun náà kò bá mi ṣe é.

Yàrá kan ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà, tí wọ́n ṣe bí iwájú bàálù gan-an, tó ń mì, tó ń dún, ṣùgbọ́n tí kì í kúrò nílẹ̀. Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn ni Kápítéènì Olátẹ́jú, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun. Láràárọ̀ ni Nàfísàt ń kúnlẹ̀ kí i, tó ń gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń pè é ní Daddy. Ọ̀gá náà kò sọ pé kó má ṣe é.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀gá ló ń wa bàálù, Nàfísàt jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbákejì. Àwòrán kùrukùru bo gbogbo fèrèsé yàrá náà. Ibì kan wà tí bàálù kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ kọjá bí awakọ̀ kò bá tíì rí ilẹ̀ tó fẹ́ balẹ̀ sí. Ọ̀gá mọ̀ọ́mọ̀ rẹlẹ̀ kọjá ibẹ̀. Nàfísàt rí i. Ó ní inú òun ń pariwo, ẹnu òun ni kò là. Nígbà tó máa là, Gẹ̀ẹ́sì ló sọ, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bíi pé ó wà lórí ìkúnlẹ̀: ẹ jọ̀ọ́ sà, Daddy, bóyá kí ẹ bá wa wo gíga wa díẹ̀ sà. Kó tó sọ ọ́ tán, gbogbo fèrèsé ti pọ́n, yàrá náà mì tìtì, ó sì dákẹ́ lọ gbári.

Kápítéènì yọ bẹ́líìtì rẹ̀. "Ìwọ ti kú. Èmi náà ti kú. Gbogbo èrò tó wà lẹ́yìn ti kú. Ṣùgbọ́n o bọ̀wọ̀ fún wa gan-an kó tó ṣẹlẹ̀."

Ó ku ìdánwò ẹyọ kan. Wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ó dé Ọ̀fà lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo gbọ́, mo sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe ìkíni ni mo bá lọ.

"Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?"

"Bàbá Akápò, mo sọ̀rọ̀ sà."

"O tọrọ ààyè ni. Owó wa lo fi ń tọrọ ààyè."

Ó wo ilẹ̀. "Wọ́n tó bàbá mi. Tí mo bá ti wo irùngbọ̀n wọn, ẹ jọ̀ọ́ sà ló ń jáde."

Ìyá rẹ̀ ń fi téèpù wọn pákó lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Ta ló ní kí o máa wo irùngbọ̀n?"

"Màámi, ẹ̀yin lẹ gbá mi létí lọ́jọ́ tí mo ní irọ́ ni Àlhájì onílé ń pa."

"Irọ́ ni wọ́n ń pa lóòótọ́."

"Ẹ mọ̀ nígbà yẹn?"

"Mo mọ̀. O kò tọrọ gáfárà kí o tó sọ ọ́, ìyẹn ni mo fi gbá ọ." Rùkáyàt ká téèpù. "Bí ọmọdé bá pa òwe níwájú àgbà, kí ló ń sọ?"

"Tótó, ó ṣe bí òwe."

"Wọ́n á wá nà án?"

"Rárá. Wọ́n á ní yóò rí òmíràn pa."

"Ó dáa. Lọ sọ tótó tìrẹ lẹ́nu ọ̀nà, kí o kúnlẹ̀ dáadáa. Tí o bá ti wọlé, o ti bọ̀wọ̀ tán nìyẹn. Má tún bọ̀wọ̀ mọ́ nínú ilé."

Mo ní, "Bí ọ̀gá náà kò bá dá a lóhùn ńkọ́?"

"Yóò ti sọ tirẹ̀. Akápò, ṣọ́ọ̀bù mi ni, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù yín."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wà lọ́dọ̀ Rùkáyàt láti àárọ̀. Fóònù rẹ̀ wà lórí pákó. Ọkùnrin kan láti Ẹ̀rìn-Ilé wá ra igi òrùlé, Rùkáyàt ka ṣéńjì fún un, ó lé. Obìnrin tí kì í ṣi owó kà! Ọkùnrin náà dá owó padà, Rùkáyàt kò tilẹ̀ rántí dúpẹ́. Oòrùn kan àtàrí, fóònù kò dún.

Bí Nàfísàt ṣe rò ó fún wa nìyí. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Daddy, tótó o. Ohun tí mo bá sọ nínú ibẹ̀, ẹ má kà á sí àfojúdi." Ọ̀gá wò ó, kò dáhùn, ó kọjá wọlé. Ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó wọlé tẹ̀lé e, ó jókòó, ó de bẹ́líìtì.

Kùrukùru tún dé. Ọ̀gá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

"Kápítéènì, a ti rẹlẹ̀ jù. Ẹ gbé e sókè."

Ọ̀gá fi Yorùbá dá a lóhùn, èyí tí kò ṣe rí nínú yàrá yẹn. "Fara balẹ̀, ọmọ mi. Mo ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí ọ."

Ó ní ibẹ̀ ni òun fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́.

"Kápítéènì, ẹ gbé e sókè."

Ọ̀gá kò gbọ́. Nàfísàt fọwọ́ mú ọwọ́ ìwakọ̀ tirẹ̀, ó ní, "Èmi ni mò ń wà á báyìí." Ó fún ẹ́ńjìnnì lágbára, ó fa imú bàálù sókè, kùrukùru sì dín díẹ̀díẹ̀ títí ojú ọ̀run fi mọ́. Kò wo ẹ̀gbẹ́ kankan.

Kápítéènì kọ nǹkan sínú ìwé, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó wá ní, "Mo bí ọmọ tó jù ọ́ lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gba nǹkan lọ́wọ́ mi rí." Ó fọwọ́ sí ìwé náà.

Nígbà tí fóònù dún ní Ọ̀fà, Rùkáyàt ní kí n gbé e. Mo ní fóònù rẹ̀ ni. Ó gbé e, ó gbọ́, ó ní, "Alhamdulillahi," ó sì jókòó sórí pákó tí ẹnì kan ti sanwó rẹ̀.

Nàfísàt ti ń wa bàálù Ìlọrin báyìí. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà ló ń san fún wa lóṣooṣù, ó sì ti san án lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ku mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Ṣọ́ọ̀bù Rùkáyàt ṣì wà lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Tíṣà Gbádé ní kí n pa á rẹ́, pé ọmọ náà ti ríṣẹ́. Mo ní kí Tíṣà wá san èyí tó kù, mà á pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. N kò tíì rí Tíṣà.