Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Olópòó

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tí mo ń pè ní Màmá, tí mo sì ń bá gbé ní Missouri City lókè òkun, máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdérí ẹ̀rọ ìfọṣọ wọn kí wọ́n tó tàn án, bí ẹni ń lé ọmọ lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ní òpó láàárín tó ń fa aṣọ síwá-sẹ́yìn. Ọkọ wọn ti ra èyí tí kò lópòó rí, tó jẹ́ pé àwo pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀ ló ń da omi rú. Ńṣe ni Màmá ní kí wọ́n gbé e padà.

"Aṣọ kàn ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀ ni! Ta ló sọ fún yín pé ó ń fọ nǹkan?"

Mo bẹ Màmá pé kí wọ́n má fi sùtánà mi sínú ẹ̀rọ wọn, torí àmùrè rẹ̀ á wé mọ́ òpó. Ìyá mi ló fọwọ́ rán an, tó fi í ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, òun ni mo sì fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi òróró yàn mí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìgbà tí mo ti ibi tí mo ti lọ wáṣẹ́ ní àdúgbò Uptown dé, Màmá na sùtánà náà, tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ fọ̀, sí mi. Àmùrè ti já, èjìká ti ya.

"Wo bó ṣe funfun!"

"Màmá, ó ti ya."

"Òwú ìyá ẹ ni ò dáa. Àbúrò mi ò mọ aṣọ rán rí."

Inú bí mi. Ẹ̀rù tún ń bà mí pé mò ń bínú sí àgbà, ìyẹn náà sì tún bí mi nínú. Mo gba sùtánà náà. Wọ́n dúró, wọ́n ń retí kí n kúnlẹ̀, kí n kí wọn kú iṣẹ́.

Mo jẹ́ kí wọ́n dúró.