Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ìró máṣíìnì ìránṣọ ìyá mi ni ó máa ń kọ́kọ́ padà sí mi létí bí mo bá ronú kan ọdún náà, kì í ṣe ìkérora ẹnikẹ́ni. Bóyá nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí àìsàn náà ṣe, kì í kérora ni. Ó sì lè jẹ́ pé ó kérora, ṣùgbọ́n etí mi ni ó yan ohun tí ó fẹ́ tọ́jú. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni, nígbà tí oko ẹ̀gẹ́ ṣì wà lẹ́yìn ilé tí a háyà ní Ẹgbẹ́dá. Àwọn olùkọ́ yunifásítì wa ti daṣẹ́ sílẹ̀, mo sì wà nílé, tí mo ń gbé ìdajì ìmọ̀ kiri bí ẹni tó dé fìlà tí kò bá a lórí mu.

Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ọwọ́ ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìka rẹ̀ a wú, a gbóná, kò sì ní lè di ṣọ́ọ̀kì mú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì pọ́n, tí pípọ́n náà gba orí imú kọjá bí labalábá tó na ìyẹ́. Oòrùn a máa mú un le sí i, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé agbòjò kiri nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi. “Àǹtí Òyìnbó, òjò wo lẹ rí tí àwa ò rí?” Àwọn mìíràn gbà pé ìpara ìbóra ni ó bà á lójú jẹ́. A tọ́jú ibà títí, ibà kò lọ, ó sì ń rù.

Ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìgboro ni dókítà obìnrin kan ti sọ fún wa pé lúpọ́ọ̀sì ni orúkọ àìsàn náà. Ìyá mi kò mọ ohun tí yóò fi orúkọ náà ṣe.

“Màmá, ẹ ní ọlọ́dẹ ní àdúgbò yín?” ni dókítà bi í.

“A ní in. Méjì ni wọ́n. Ọ̀kan máa ń sùn ṣá.”

Dókítà rẹ́rìn-ín. “Tiwa náà wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí kòkòrò àìsàn bá wọlé, wọ́n á dá a mọ̀ ní àlejò, wọ́n á sì pa á. Ti ọmọ yín kì í sùn, wọn ò sì dá olè mọ̀ yàtọ̀ sí onílé mọ́. Oríkèé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń nà. Awọ ojú rẹ̀ ni wọ́n ń nà. Bí a kò bá dá wọn lẹ́kun, wọ́n á dé kíndìnrín.”

Ìyá mi mi orí. “Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.”

Bí mo ṣe rántí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni, pé dókítà kò dárúkọ ọlọ́dẹ kankan, pé èmi ni mo fi ọlọ́dẹ ṣàlàyé fún ìyá wa nínú bọ́ọ̀sì lẹ́yìn Ìyànà Ìpájà, tí mo ń pariwo kí gbogbo èrò lè gbọ́ pé mo kàwé. Ó ṣeé ṣe. Ohun tí àwa méjèèjì kò bá ara wa jiyàn lé lórí ni pé dókítà fún un ní oògùn tí yóò máa dá àwọn ẹ̀ṣọ́ náà lẹ́kun, ó sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ìka rẹ̀ fọ̀, ó padà sí kíláàsì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ó yí rébété bí òṣùpá. Nínú gbogbo ilẹ̀ wa, ta ni yóò rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún tí kò ní yọ̀? Ìyá mi mú téèpù, ó wọn ọmọ rẹ̀, ó tú ìránpọ̀ ẹ̀gbẹ́ bùbá rẹ̀ sílẹ̀, ó ń kọrin lórí máṣíìnì. Ìyá onílé wọlé wá wò ó.

“Àlùhámúdùlíláì. Ara ọmọ ti dé. Ẹni tó ti gúnlẹ̀, kí ló tún ń fi àjẹ̀ ṣe?”

A ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi kan. Èmi náà jó, èmi ọmọ yunifásítì. Bí a ti délé, ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí ike oògùn, ìyá mi sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Màámi, dókítà ní—”

“Dókítà ti ṣe tirẹ̀. A ti dúpẹ́ ná. Ẹni tó dúpẹ́ tán, ṣé ó tún máa tọrọ ohun kan náà ni?”

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí ẹ̀gbọ́n mi fi ṣubú níwájú àwọn ọmọ tó ń kọ́. Ó ń bì, òógùn tútù bò ó, kò lè jókòó. Nígbà tí a gbé e dé iwájú dókítà, tí wọ́n ti fa omi sí i lára, mo rò pé yóò jágbe mọ́ wa. Kò jágbe. Ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi.

“Màmá, oògùn ló mú un wú báyìí, kì í ṣe ìlera. Ara rẹ̀ ti fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún oògùn náà. Bí a bá já a gbà lójijì, ara á wà lọ́wọ́ òfo. Díẹ̀díẹ̀ ni a máa ń dín in kù.”

Ìyá mi kò wí àwáwí. “Ibo wá ni kí n máa wò?”

Mo ti gbọ́ ìbéèrè púpọ̀ ní kíláàsì láti ìgbà náà, n kò tíì gbọ́ èyí tó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé rẹ̀ ni ó ti fi ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ.

“Ẹ di ìka rẹ̀ mú láàárọ̀,” ni dókítà wí. “Bó bá wú, bó bá gbóná, ẹ mú un wá.”

Ó pẹ́ kí ara ẹ̀gbọ́n mi tó balẹ̀. Bí oògùn ti ń dín kù ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń fà, ìyá mi sì tún ìránpọ̀ bùbá náà mú wọlé. Àwọn aládùúgbò ń ṣàánú pé ọmọ tún ti rù. “Ẹ jẹ́ kó rù jàre,” ni ìyá mi ń wí. “Ọwọ́ rẹ̀ tutù.”

Ìyá wa ti lọ báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ̀yìn tì, Ìgàndò ni ó ń gbé, ó ṣì ń lo oògùn díẹ̀, agbòjò rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn lójò lẹ́ẹ̀rùn. Ìrántí mi kò dá mi lójú lórí ohun púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kódà lórí orin tí ìyá mi kọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ a máa rántí. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí i, kí n tó dìde, ó ti na tirẹ̀ sí mi, mo sì ń tẹ ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá wa ti ń ṣe.

“Dókítà ọlọ́dẹ,” ni ó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, “kí lo rí?”

“Ó tutù.”

“Jókòó nígbà náà, ká jẹun.”