Ohùn Tí Màmá Àbẹ̀kẹ́ Dáhùn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tó dé bá mi ní Oko-Akarè lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ rédíò sílẹ̀. Mo ti sọ ọ́ nílé, mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n mi ò tíì kọ ọ́ síbì kan rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ iṣẹ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe oníròyìn ní rédíò kékeré kan lágbègbè Adja-Ouèrè níbí. Mo máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbẹ̀, mo máa ń lọ sí ìpàdé àwọn aláṣẹ, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ayé fi mọ̀ mí ni kọ́múníkè. Láràárọ̀, èmi ni mo máa ń kà á: ta ló kú, níbo ni wọn yóò ti sin ín, màlúù ta ló sọnù, ìpàdé wo ni wọ́n sún síwájú.

Ṣé ohun tí èèyàn torí rẹ̀ wá sáyé nìyẹn? Ìbéèrè tí mò ń bi Ọlọ́run nìyẹn láti ìgbà tí mo ti gba Jésù. Mo wo àwọn tá a jọ ṣèrìbọmi: ọ̀kan ti di ajíhìnrere, ọ̀kan ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí. Èmi? Òkú ni mò ń kéde. Àwọn ará àdúgbò tiẹ̀ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tí mo bá kí láàárọ̀, kí onítọ̀hún yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ó ṣì ń mí.

Nígbà tí pásítọ̀ wa wá sọ pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn ajíhìnrere kan ní Àjàṣẹ́ ń wá èèyàn, mo ní èmi nìyí. Wọ́n ní kí n wá fojú hàn lọ́jọ́ Ẹtì kí ilẹ̀ tó ṣú, pé ẹni tí kò bá dé, àwọn yóò fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Mo di báàgì mi. Mo gbé e wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí mo bá ti ka kọ́múníkè tán, ó parí.

Ó kù díẹ̀ kí n wọ ibi míkíró tí mo ti ń sọ̀rọ̀ nígbà tí obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù zẹ́mìjàn lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹrẹ̀ dúdú ti dé orókún rẹ̀. Rósálì ni orúkọ rẹ̀, láti Oko-Akarè ló ti wá. Ohùn rẹ̀ ti há débi pé mo ní láti gbé etí mi sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Ó ní ìyá òun, Màmá Àbẹ̀kẹ́, lọ wá olú nínú igbó lánàá, kò sì padà. Ó ní òun ti pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn fi tán lọ́fun òun.

Mo bi í ní ohun tí a máa ń bi gbogbo wọn: bó ṣe ga tó, bó ṣe pọ́n tàbí bó ṣe dúdú, aṣọ tó wọ̀. Ó ní ìró aláwọ̀ búlúù ni. Mo kà á sórí rédíò, mo tún un kà. A wá jókòó ti tẹlifóònù. Kò sẹ́ni tó pè.

Nígbà tí mo gbé báàgì mi, Rósálì ṣì wà lórí bẹ́ńṣì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi lọ," ló wí. "Wọ́n máa ń gbọ́ tiyín. Àwọn ọkùnrin ti ń sọ pé ó rẹ àwọn. Tí wọ́n bá rí yín, wọ́n á tún jáde."

Mo sọ fún un pé mò ń lọ sí Àjàṣẹ́. Kò bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì. Ó kàn dìde, ó tún gèlè rẹ̀ dì, ó sì ń lọ. Ohun tó mú mi nìyẹn. Ká ní ó bẹ̀ mí ni, ǹ bá ti rí àwáwí. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo ní kí zẹ́mìjàn gbé àwa méjèèjì. Mo rò pé bí mo bá tètè dé, mo ṣì lè bá ọkọ̀ ọ̀sán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilẹ̀ dúdú wa yìí lásìkò òjò, ẹ ti ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Ó di pé ká sọ̀ kalẹ̀ ká fẹsẹ̀ rìn. Bí a ṣe wọ agboolé wọn, obìnrin kan rí mi, ó káwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún. Àwọn yòókù bá a gbè é. Wọ́n rò pé wọ́n ti rí òkú, pé ìkéde ìsìnkú ni mo wá gbà.

"Ẹ̀gbọ́n oníkọ́múníkè," ọ̀dọ́kùnrin kan sọ, "ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ ká wá a tán."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kò pa èmi lẹ́rìn-ín.

Bàbá Ọdẹ ló ṣáájú àwọn tó ń wá ìyá náà. Mùsùlùmí ni, àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí ibi tí ojú ọ̀run ti ṣú. Ó ní nígbà tí kò sí ẹ̀rọ omi, àwọn baba àwọn gbẹ́ kòtò omi káàkiri inú igbó yẹn, pé ewéko ti bo gbogbo rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Bí ìyá bá wà nínú ọ̀kan, tí òjò yìí bá rọ̀, kòtò yóò kún. Amọ̀ dúdú kì í mu omi.

Mo bi í pé ìgbà wo lòjò náà máa dé.

"Ṣáájú àṣálẹ́. Ọmọ rédíò, bí o bá ní àdúrà tó o fẹ́ gbà, máa gbà á lójú ọ̀nà. À ń lọ."

A tò wọ igbó. Gbogbo wa ń pariwo. Àbẹ̀kẹ́ o! Màmá Àbẹ̀kẹ́ o! A ó pè, a ó dákẹ́, a ó tẹ́tí. Ẹyẹ nìkan là ń gbọ́, àti òjò tó ń kù lókèèrè. Tẹlifóònù mi dún lápò. Pásítọ̀ ni. Ó ní wọ́n ti ń retí mi, ibo ni mo dé? Mo ní inú igbó ni mo wà. Ó ní kí n rántí pé irú àǹfààní yìí kì í wá lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ ni ìpè náà já.

Ẹ sọ òótọ́ fún mi, kí lẹ̀yin ìbá ṣe? Mo dúró, ẹsẹ̀ kan nínú ẹrẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú. Mo ní, Olúwa, mi ò ní béèrè nǹkan kan nípa ara mi lónìí. Ìyá yìí ni kó o fi hàn wá.

A wá kiri títí oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Afẹ́fẹ́ òjò dé. Àwọn ọkùnrin jókòó sórí igi tó wó, ọ̀kan ní ká padà sílé. Rósálì ya ẹnu láti bẹ̀ wọ́n, ohùn kò jáde rárá.

Mo bi Bàbá Ọdẹ pé ṣé etí ìyá náà di ni. Ó wò mí bí ẹni ń wo òpè.

"Ó ń gbọ́ràn jù ẹ́ lọ. Ibo ni wọ́n bí ọ sí?"

Mo ní Adja-Ouèrè ni.

"Bí ẹni tó ò rí bá pe orúkọ rẹ nínú igbó, ṣé wàá jẹ́ ẹ?"

Ta ni nínú wa tí ìyá rẹ̀ kò kìlọ̀ fún? A kì í dáhùn ìpè inú igbó. Iwin ló ń pè, ẹni tó bá sì jẹ́ ẹ, ó bá a lọ nìyẹn. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, àtàná là ń pariwo orúkọ ìyá àgbàlagbà, tí à ń retí pé kó jẹ́ wa!

Mo ní kí ló wá dé tí ẹ ń pè é, Bàbá?

"Kí ni ká ṣe?" ló wí. "Ká dákẹ́?"

Níbẹ̀ ni ìwàásù ọ̀sẹ̀ yẹn sọ sí mi lọ́kàn: pé àgùntàn mọ ohùn olùṣọ́ rẹ̀, kì í tẹ̀ lé ohùn àlejò. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láìmọye ìgbà, n kò ronú kàn án pé ó lè kàn mí. Mo bi Rósálì pé ohùn ta ni ìyá rẹ̀ mọ̀ jù. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun ara rẹ̀, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí mi.

"Láràárọ̀," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Tí ẹ bá ń kà á, kì í jẹ́ ká fọhùn nínú ilé."

Mo dìde, mo ní kí wọ́n dákẹ́. Mi ò pe ìyá. Mo kí àwọn olùgbọ́ wa nílé lóko. Mo sọ ọjọ́ tí a wà. Mo ka kọ́múníkè, pẹ̀lú gbogbo agbára ọ̀fun mi: ẹbí Màmá Àbẹ̀kẹ́ ní Oko-Akarè ń fi tó gbogbo ará ìlú létí pé ìyá àwọn jáde nílé, kò sì wọlé.

Ọ̀dọ́kùnrin tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní agboolé sọ pé orí mi ti dàrú. Bàbá Ọdẹ fi ọ̀pá gún un nídìí pé kó panu mọ́. Mò ń rìn, mò ń kà. Mo kà á tán, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kán òjò kan bà mí lọ́rùn, òmíràn tẹ̀ lé e. Mo dé ibi aṣọ, mo ní ìró aláwọ̀ búlúù ló ró jáde.

"Ìró pupa ni."

Ìsàlẹ̀ ni ohùn náà ti wá, lápá òsì wa. Ó tínrín, ó sì ń bínú.

"Ẹ sọ ọ́ dáadáa, ẹ̀yin rédíò. Búlúù wà lórí okùn nílé."

Bàbá Ọdẹ ti sáré kọjá lára mi kó tó parí ọ̀rọ̀. Kòtò náà wà lábẹ́ ìtàkùn, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n gbà kọjá láàárọ̀. Ìyá jókòó sínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Òjò dé. Ẹ̀gbẹ́ kòtò ń yọ̀ bí ọṣẹ, ẹni tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ kò rí ibi dúró, ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá. Wọ́n fi àdá gbẹ́ ibi ìtẹ̀sẹ̀, àwọn yòókù so ìtàkùn pọ̀. Omi ń wọ́ wọlé láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí a fà á gòkè, omi ti dé àyà rẹ̀. Rósálì dì mọ́ ọn nínú ẹrẹ̀, kò ṣeé yọ.

Nílé ìwòsàn, nígbà tí wọ́n ti di ẹsẹ̀ rẹ̀, mo béèrè ohun tó mú un dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́.

"Mo gbọ́ gbogbo yín. Lánàá mo gbọ́, láàárọ̀ mo gbọ́. Mo tiẹ̀ gbọ́ Rósálì. Ṣé iwin kò lè fi ohùn ọmọ mi pè mí ni? Mo di ẹnu mi mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ tìẹ, mo ní iwin wo ló ń ka kọ́múníkè?"

Àní nọ́ọ̀sì tó ń to oògùn jókòó sílẹ̀ láti rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti fún ẹlòmíì ní ààyè mi ní Àjàṣẹ́. Mo sọ fún pásítọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó ní kí n dárí ji òun, pé òun náà rò pé orí pẹpẹ nìkan ni Ọlọ́run ti ń pe èèyàn.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé. Mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó fi iṣẹ́ tó fẹ́ kí n ṣe hàn mí, bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe é lọ́wọ́ pẹ̀lú ìtìjú. Kò kọ́ mi ní ohùn tuntun. Èyí tó fún mi tẹ́lẹ̀ ló lò, lọ́jọ́ tí mo gbàgbé ara mi díẹ̀ nítorí ẹlòmíì. Èmi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ síbi tí Ọlọ́run bá rán an. Mo kàn ń sọ pé kí á kọ́kọ́ wo ẹni tó ń gbọ́ wa níbi tí a wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìsìnkú kan ní Kpoulou ni kọ́múníkè àkọ́kọ́. Mo pe ìdílé olóògbé náà kí n tó wọlé, mo ní kí wọ́n pe orúkọ bàbá wọn fún mi kí n lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ó ya ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Ó ní kò sẹ́ni tó béèrè irú ìyẹn rí. Mo wá kà á, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń tẹ́tí.

Ìwọ ńkọ́? Iṣẹ́ wo lo ń ṣe tó o rò pé Ọlọ́run kò wò? Báwo lo ṣe mọ ohun tó torí rẹ̀ dá ọ, àbí o ṣì ń wá a? Kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Gbogbo rẹ̀ ni mo máa kà.