Ikọ́ Àwọn Ẹlẹ́rìí Mẹ́ta

Ọdún tí ìjọba ológun lé àwọn olùkọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni bàbá mi bá wọn lọ. Ilé-ìwé kan lọ́nà Sẹ̀kọ̀nà ni wọ́n ti ń kọ́mọ, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn lọ láti Ẹdẹ. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́, kẹ̀kẹ́ yíjú sí oko Alájùé, ẹ̀gẹ́ ló sì kù tí wọ́n ń bá wí. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni wọ́n ṣì ń jẹ́ olùkọ́, torí àwọn ni wọ́n ń darí kíláàsì Bíbélì àwọn àgbà ní ìjọ wa. Bí wọ́n bá gba kíláàsì yẹn lọ́wọ́ bàbá mi, kò sí ibì kan mọ́ láyé tí ẹnikẹ́ni yóò ti dìde kí wọn ní "Tísà".

Èmi náà wà nílé nígbà náà. Mo ti ka ìwé olùkọ́ tán, kò síjọba tó fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́. Mo máa ń tẹ̀ lé wọn lọ sí kíláàsì náà. Ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ, n ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, bàbá mi ní kí ẹni mẹ́ta dìde: kí ọ̀kan ṣí Mátíù, kí ọ̀kan ṣí Máàkù, kí ọ̀kan ṣí Lúùkù, níbi tí Jésù ti wo alárùn ẹ̀gbà sàn. Wọ́n kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Jésù ń bá àwọn akọ̀wé wí, ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀, ni ẹni tó ń sọ ìtàn bá dá a dúró láti sọ fún wa pé aláìsàn ló kọjú sí báyìí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Jésù tó wá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bàbá mi bọ́ awò ojú. "Ibi tí Máàkù ti dá ọ̀rọ̀ dúró, ibẹ̀ náà ni Mátíù ti dá a dúró, ibẹ̀ náà ni Lúùkù. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni mẹ́ta lè rí nǹkan kan náà, kí wọ́n sọ òótọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta kì í wúkọ́ síbì kan náà nínú ọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ irú ẹ̀, ẹnì kan ló kọ́kọ́ wú u, àwọn yòókù gbà á lẹ́nu ẹ̀ ni."

Télọ̀ kan wà ní kíláàsì, aláwàdà ni. Ó ní, "Tísà, ta ló wá kọ́kọ́ wú u?"

"Ọ̀pọ̀ àwọn tó wádìí ẹ̀ ní Máàkù ni. Àwọn kan ní rárá, Mátíù ni, torí bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà ìjọ àtijọ́ ṣe sọ ọ́. Wọn ò tíì bára wọn parí ẹ̀ dòní."

"Áà! Lúùkù wá jí ìwé wò?"

"Kò jí nǹkan kan. Òun fúnra ẹ̀ sọ níbẹ̀rẹ̀ pé àwọn kan ti kọ ọ́ ṣáájú òun, pé òun sì wádìí. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ṣé olè lẹ ó pè é?"

Gbogbo wa ní rárá.

Ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti ṣíwọ́. Bàbá mi ò ṣíwọ́. Wọ́n ní Lúùkù ní tirẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ àwọn yòókù, bí ìtàn ọlọ́rọ̀ tó fẹ́ wó àká rẹ̀ láti kọ́ èyí tó tóbi jù ú lọ. "Níbo ni Lúùkù ti rí ìyẹn?"

"Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Bàbá Díákónì!" ni télọ̀ dáhùn.

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọdún tí a ń tò fún mílíìkì àti ṣúgà nìyẹn, tí sójà ń fi kòbókò tún ìlà ṣe. Bàbá Díákónì, olórí àwọn díákónì wa, ní yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó fi pákó kan fèrèsé ẹ̀ pa. Ta ni kò mọ̀ pé ṣúgà ló wà níbẹ̀, tó ń dúró de ìgbà tí yóò wọ́n sí i? Bàbá mi gbìyànjú láti pa ẹnu dé, àmọ́ eyín wọn hàn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí Bàbá Díákónì fi wọ ilé wa. (Ẹ má bínú pé n kò pè é ní "wọ́n". Mo ti gbìyànjú, ẹnu mi kọ̀.) Kò jókòó.

"Tísà, mo gbọ́ pé, kí Ọlọ́run má bínú sẹ́nu mi, ẹ ń fi àwọn àpọ́sítélì ṣẹ̀sín."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kíkorò kan kì í tẹnu rẹ̀ jáde láìjẹ́ pé ó bẹ Ọlọ́run láàárín ẹ̀. Àwọn ọmọdé ìjọ a máa sín in jẹ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀sín kọ́, sà," ni bàbá mi wí. "Ẹ wá gbọ́ fúnra yín."

"Mo ti gbọ́ ná."

Nígbà tó lọ tán, ìyá mi ní, "Ẹ lọ bẹ bàbá yẹn."

"Kí ni n ó bẹ̀ ẹ́ fún? Fún Máàkù?"

"Fún eyín tẹ́ ẹ fi hàn."

Wọn ò lọ. Àfáà tó ń gbé ilé kejì, ọ̀rẹ́ bàbá mi, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì rẹ́rìn-ín. "Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ Ànábì, a óò bi í pé lẹ́nu ta lo ti gbọ́ ọ? Tọ̀hún náà, lẹ́nu ta ló ti gbọ́ ọ? Ẹ̀yin ẹ bèèrè tiyín, wọ́n fẹ́ pa yín!"

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àwọn díákónì pè wá jọ lẹ́yìn ìsìn. Bàbá Díákónì ló jókòó sáàárín gẹ́gẹ́ bí adájọ́. Pásítọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fọwọ́ ká etí aṣọ tábìlì. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta jáde. Méjì nínú wọn ò wọ kíláàsì wa rí.

Obìnrin àkọ́kọ́ ní, "Tísà ní àwọn tó kọ Ìhìnrere, kí Ọlọ́run má bínú sẹ́nu mi, olè ni wọ́n."

Ẹnì kejì ní, "Ó ní àwọn tó kọ Ìhìnrere, kí Ọlọ́run má bínú sẹ́nu mi, olè ni wọ́n."

Nígbà tí ẹnì kẹta bẹ Ọlọ́run níbẹ̀ yẹn náà, bàbá mi dìde. Ohùn wọn rọ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ bi ọmọ kíláàsì ní ìbéèrè tó rọrùn.

"Ẹ̀yin àgbà, ta ló kọ́kọ́ wúkọ́?"

Gbogbo ojú lọ sára Bàbá Díákónì, gbogbo ojú sì tún wálẹ̀. Wọ́n mọ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ níbẹ̀.

"Ẹlẹ́rìí mẹ́ta nìyí," ló dáhùn. "Ọ̀rọ̀ wọn bára mu."

"Ó bára mu jù, sà."

"Tísà, kí Ọlọ́run má bínú sẹ́nu mi, ẹ jókòó."

Wọ́n bi télọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Abẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù Bàbá Díákónì ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Ó ní òun wà níbẹ̀, àmọ́ òun ò gbọ́ dáadáa.

Wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ bàbá mi. Àna Bàbá Díákónì ni wọ́n gbé e fún. Bàbá mi jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn títí ọdún yẹn fi parí, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ oko lọ́jọ́ Ìsinmi. Títí wọ́n fi kú, Àfáà nìkan ló ń pè wọ́n ní Tísà.

Bàbá Díákónì ti kú ṣáájú wọn. Ìjọ wá sin bàbá mi tiyìtẹ̀yẹ. Díákónì tuntun dìde, ó ní olóògbé darí kíláàsì Bíbélì wa títí dọjọ́ ikú. Ìyá kan dìde, ó ní títí dọjọ́ ikú. Télọ̀ dìde, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, òun náà ní títí dọjọ́ ikú.

Ìyá mi gbórí sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. "Lẹ́nu ta lẹ ti gbọ́ ìyẹn?"

Ìjọ dá orin. Wọ́n kọ ọ́ sókè gan-an. Ìyá mi ò gbè é.