Ìlà Pupa Inú Ìwé Kíláàsì

Bàbá Ọdún-Wo ni gbogbo ìjọ ń pè é. Béèyàn bá ṣèèṣì sọ pé òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì jò nígbà kan, á ní, "Ọdún wo nìyẹn?" Tíṣà ni tẹ́lẹ̀. Àtìgbà tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti fi í ṣe òpìtàn, ọgbọ̀n ọdún rèé, kò sí àpótí ìwé àlùfáà àtijọ́ tí kò tíì tú. Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Olówó orí mi, ẹ jókòó jẹun!" Jókòó kẹ̀? Ara rẹ̀ ò gbà á.

Ìlà pupa kan ló ń lé e kiri. Ìyá rẹ̀ ti jẹ́ olórí kíláàsì rí, ìyẹn agbo kéékèèké tí wọ́n pín àwọn ọmọ ìjọ sí; òun ló ń kọ ẹni tó wá àtẹni tí kò wá sínú ìwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́dún tó bí i gan-an, ẹnì kan fi pẹ́ńnì pupa fa ìlà pa orúkọ ìyá yìí nínú ìwé ọ̀hún. Ta ni? Bàbá wá a títí nínú ìwé àtijọ́, kò rí i, kò sì bi ìyá rẹ̀ léèrè. Ló bá dá àlùfáà ìgbà náà lẹ́bi, ọkùnrin líle kan tó ti kú tipẹ́, ó sì kọ ọ́ sí orí kẹfà ìwé ìtàn ìjọ tó ń kọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà!

Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí ìwé wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó mú ìwé náà dání, ó sáré lọ bá ìyá rẹ̀, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, níbi tó ti ń ká aṣọ létí fèrèsé.

"Màámi, àlùfáà tó wà níbí lọ́dún tẹ́ ẹ bí mi ló pa orúkọ yín rẹ́ nínú ìwé kíláàsì, àbí? Mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ ìyá. "O purọ́ mọ́ òkú! Ọkùnrin yẹn bẹ̀ mí kí n má fà á. Òfin ni pé tí obìnrin bá lóyún láìlọ́kọ, olórí kíláàsì á fa ìlà sórúkọ ẹ̀. Mo ti fà á fún ọmọ ọlọ́mọ méjì. Nígbà tó wá kàn mí, kí n fi pẹ́ńnì pamọ́?"

Ojú ti Bàbá. Ta ni í fọwọ́ ara rẹ̀ pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́? Kò rò ó kan ibẹ̀ rí.

"Ẹ jẹ́ kí n yọ orí kẹfà kúrò, Màámi. Àwọn èèyàn á máa sọ̀rọ̀ yín."

"Kí wọ́n máa sọ ọ́! Mo kọ tèmi. Ìwọ tó ò ń tú àṣírí ará ìjọ kiri, kọ tìẹ náà."

Bàbá fa àga, ó jókòó. Ó fagi lé orúkọ àlùfáà, ó kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé: Ìyá mi ló fa ìlà náà. Èmi ni oyún ọ̀hún.

Ìyá ní kó kà á sókè. Ó kà á. Ìyá ní kó tún un kà.