Àdá Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Gbé Sílẹ̀

Irọ́ ni mo pa mọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ fún gbogbo ará ilé wa ní Oǹdó pé ó fẹ́ fi àdá ṣá mi. Wọ́n gbà mí gbọ́, torí wọ́n ní orí tirẹ̀ kò pé, tèmi sì pé. Mo fẹ́ kọ bó ṣe rí gan-an síbí. Ìwé mi ò pọ̀, kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti kúrò, ẹ bá mi gbé e bí ọ̀rọ̀ bá wọ́.

Láti kékeré, ẹni jẹ́jẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi. Bí a bá ń jà lórí ẹran, òun ló máa ń fi sílẹ̀. Bàbá wa, tó ń ṣe oko kòkó kó tó kú, máa ń sọ pé ìbínú ọmọ yìí kò tó èyí tí wọ́n fi ń pa ẹ̀fọn. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ata. Ẹ̀yìn ikú bàbá ni àìsàn ọpọlọ mú ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń dá sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ ohùn tí àwa ò gbọ́, ó sì lè pẹ́ kó tó wẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀. Kì í wọ yàrá ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ọmọdé wá ń kọjá lọ, á dákẹ́ kí ẹ̀rù má baà ba ọmọ náà.

Lóko ni bàbá ti kọ́ wa pé a kì í fi àdá lé ara ẹni lọ́wọ́. Ẹni tó mú un wá á gbé e sílẹ̀ níwájú ẹni tó fẹ́ gbà á, èèkù á kọjú sí onítọ̀hún, òun náà á wá bẹ̀rẹ̀ mú un. Wọ́n ní bó bá ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́, ìjà ti wọ àárín àwọn méjèèjì nìyẹn. Èmi máa ń gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n mi kì í gbàgbé, ì báà ṣe ọ̀bẹ tí màmá fi ń gé ilá.

Nígbà tí nǹkan wá le, tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò jáde, kò sẹ́ni tó ń kọ́lé mọ́. Sọ́míìlì tí mo ti ń ru pákó ní kí á máa lọ sílé. Oògùn ẹ̀gbọ́n mi wọ́n títí a fi dáwọ́ rẹ̀ dúró. Èmi wá di ará ìdí ọtí. Mo máa ń lọ bá àwọn tó ń ta agbo ọlọ́tí lábẹ́ igi mọ́ńgòrò, bí mo bá sì ti mu ún, ọwọ́ mi a máa yá ju ẹnu mi lọ.

Lọ́jọ́ kan ẹ̀gbọ́n mi kó gàrí tó kù nílé, ó pín in fún àwọn ọmọ inú àgbàlá. Mo dé, mo bá ike lófìfo.

Mo ní, "Kí lo rò tó o fi ṣe èyí?"

Ó ní, "Ebi ń pa wọ́n."

"Àwa ńkọ́? Ṣé igi ni wá ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tìẹ ti yó. Mo ń gbóòórùn rẹ̀ lẹ́nu ẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí òótọ́ ni. Mo gbá a létí. Mo tún gbá a. Kò gbọ́wọ́ sókè, ó kàn di ojú rẹ̀ mú, ó jókòó sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí òjò ọ̀sán dá, mo fẹ́ lọ ṣẹ́ igi ìdáná. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níwájú ilé, mo ké sí ẹ̀gbọ́n mi pé kó bá mi gbé àdá wá. Àbúrò kì í rán ẹ̀gbọ́n níṣẹ́, mo mọ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí àìsàn ti mú un ni mo ti ń rán an bí ọmọdé.

Ó jáde. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ kíkan-kíkan, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bọ̀ tààrà lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wú níbi tí mo ti gbá a. Ó wá sí mi lọ́kàn pé ká ní èmi ni wọ́n gbá létí lánàá, tí àdá sì wà lọ́wọ́ mi lónìí, mi ò ní jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ìwà tèmi ni mo rí lójú rẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, mo fò sẹ́yìn, mo ṣubú lu korobá omi, mo sì ké pé, "Ó fẹ́ ṣá mi o!"

Àwọn ọkùnrin ilé tú jáde pẹ̀lú igi àti pákó. Kí ẹni àkọ́kọ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àdá ti wà nílẹ̀, èèkù rẹ̀ kọjú sí mi. Mo rí i. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń wò mí pé kí n sọ̀rọ̀. Mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n lù ú títí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fi kán, wọ́n sì fi okùn ewúrẹ́ dè é mọ́ òpó.

Bàbá onílé dé. Ó ní, "Ìwọ, wò mí lójú. Ṣé lóòótọ́ ló yọ àdá sí ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí lo fi ṣe é?"

"Mi ò fi nǹkan kan ṣe é, sà."

Ọkùnrin kan tó ṣì mú pákó dání ní, "Bàbá, kí lẹ tún ń bi í sí? Ṣé wèrè ń wá ìdí ọ̀rọ̀ kó tó ṣá èèyàn ni?"

Bàbá onílé ní kí ẹ̀gbọ́n mi kúrò nílé òun. Nígbà tí màmá ti ọjà dé, ó bá ọmọ rẹ̀ nínú ìdè. Kò pariwo. Ó bi mí pé, "Ọmọ mi yìí náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ àdá náà fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ nílé. Wọ́n tọ́jú ọwọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà nọ́ọ̀sì àgbà kan jókòó tì wá, ó ń bi wá ní ìbéèrè.

"Màmá, kí àìsàn yìí tó dé, irú èèyàn wo ni?"

"Ẹni pẹ̀lẹ́ ni, nọ́ọ̀sì."

"Ó ti lu ẹnikẹ́ni rí?"

"Rárá."

"Ọtí ńkọ́? Igbó ńkọ́?"

"Kò fẹnu kàn án rí."

"Ta ló máa ń tètè bínú nínú ilé yín?"

Màmá wolẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti ń dá sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀, dákẹ́. Ó fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí mi. "Àbúrò mi ni. Àmọ́ kì í ṣe èèyàn burúkú."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. "Gbọ́, ọmọ mi. Mi ò ní parọ́ fún ọ, àwọn kan wà tí àìsàn yìí máa ń mú kí wọ́n ṣe èèyàn léṣe, pàápàá bí wọn ò bá lo oògùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àwọn gan-an làwọn èèyàn máa ń lù. Bí èèyàn ṣe rí tẹ́lẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ wò: ṣé ọwọ́ rẹ̀ yá, ṣé ó ń mutí, ṣé ó ti jà rí. Ohun tí o sọ pé ó ṣe yìí kò jọ ẹni tí ìyá rẹ ń sọ. Ṣé o rí i dáadáa?"

Mo sọ fún un. Mo sọ̀rọ̀ gàrí, mo sọ̀rọ̀ ìgbátí, mo sọ ẹni tó ní kí wọ́n gbé àdá wá. Màmá tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, kò wo ibi tí mo wà. Inú mọ́tò tí a wọ̀ padà sí Oǹdó ló ti wá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé wàá lè sọ bẹ́ẹ̀ lójú bàbá onílé?"

Mo ní, "Màá sọ ọ́, Màmá."

Ọ̀dọ̀ àbúrò màmá ní Ọ̀bà-Ilé, nítòsí Àkúrẹ́, ni ẹ̀gbọ́n mi wà báyìí. Ó ti padà sórí oògùn, àwọn ló ń rà á fún un, ìsọkúsọ ti dín kù, òun ló ń pọn omi fún wọn nílé. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ jiná ní wíwọ́, kò lè fi di nǹkan mú dáadáa. Ilé ló ń fẹ́. Ó ní kòkó bàbá ń jẹrà lórí igi.

Mo lọ bá bàbá onílé ní òwúrọ̀ kan. Ó ń run orín, àwọn obìnrin méjì ń sá aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Mo ní, "Ara ẹ̀gbọ́n mi ti yá, sà. Ó fẹ́ padà wálé."

Ó tutọ́. "Ilé wo? Kó wá parí èyí tó kù? Àánú rẹ ló ń ṣe mí, ìwọ ọmọ yìí. Ọmọ dáadáa ni ọ́. Ẹlòmíràn ì bá ti kọ irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ sílẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní, "Ó gbìyànjú gan-an ni."

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Mo lanu, ohun tó sì jáde níbẹ̀ ni pé, "Ẹ ṣé, sà."

Nígbà tí mo padà dé Ọ̀bà-Ilé, ẹ̀gbọ́n mi ti di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ni bàbá wí?"

"Wọ́n ní àwọn ń rò ó."

"Kò burú," ló wí. "Àgbà ni wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n rò ó dáadáa." Ó gbé báàgì padà sínú yàrá, ọwọ́ òsì ló fi gbé e.

Màmá ò bi mí mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bi mí nígbàkígbà tí mo bá lọ. Gbèsè rẹ̀ wà lọ́rùn mi, mo sì mọ bí mo ṣe lè san án: kí n dúró nínú àgbàlá yẹn, lójú bàbá onílé àti àwọn tó mú pákó lọ́jọ́ náà, kí n sọ fún wọn pé kò yọ àdá sí mi rí. Mi ò tíì san án.